Ìwé Tó Di Funfun Nílé Bàbá Akínyẹlé

Ahọ́n òkú ni ọ̀gá mi kọ́kọ́ ní kí n wò láàárọ̀ ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì fi nǹkan kan ẹnu. Mo ní iṣẹ́ ọlọ́pàá ni èmi Jímọ̀ gbà, mi ò gba iṣẹ́ à-ń-la-òkú-lẹ́nu. Sájẹ́ńtì Ẹfúnróyè kò tilẹ̀ ṣe bí ẹni gbọ́. Ó ti fi ìdí ṣíbí tẹ àgbọ̀n bàbá náà wálẹ̀, ó ń fi tọ́ọ̀ṣì yẹ inú ẹnu rẹ̀ wò bí ẹni ń wá ẹyin adìẹ lábẹ́ àká.

"Kí lo rí, Jímọ̀?"

"Aró ni, ọ̀gá. Wọ́n ti fún bàbá yìí ní aró mu."

"Mi ò ní kí o dájọ́. Mo ní kí lo rí?"

Obìnrin yẹn á pa èèyàn! Ọmọ àgbẹ̀ oníṣu ni, Ilero ni wọ́n bí i sí, ó sanra, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, bó bá sì dojú kọ nǹkan, á wò ó títí nǹkan ọ̀hún á fi máa tijú. Mo tún ẹnu ṣe. Mo ní mo rí ahọ́n tó ní àwọ̀ aró láti orí dé ìdí, ètè náà sì rí bẹ́ẹ̀.

"Irùngbọ̀n ńkọ́? Ọrùn ẹ̀wù? Ìrọ̀rí?"

Mo wò wọ́n. Irùngbọ̀n funfun, ẹ̀wù funfun, ìrọ̀rí funfun. Kò sí ẹ̀kán aró kan ṣoṣo níbẹ̀.

"Fi ìyẹn sọ́kàn," ni ó wí, ó sì bo òkú náà lójú.

Ẹni tó kú yẹn, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní Ìsẹ́yìn. Bàbá Akínyẹlé ni, katikíìsì tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó jẹ́ pé bó bá gun àga ìwàásù, kí onílé ti lọ sọ iná ọbẹ̀ kalẹ̀. Ẹ̀gbà kọlù ú lásìkò tí wọ́n ń wa iṣu tuntun. Ọwọ́ ọ̀tún kò gbé mọ́, ẹnu wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu rẹ̀. Láti ìgbà náà, ìyàwó rẹ̀, Sàrátù, tí àdúgbò ń pè ní Ìyá Àpọ́nlé, ló ń fi ṣíbí fún un lóúnjẹ bí ọmọ ọwọ́. Láàárọ̀ tí mò ń wí yìí, nínú ọyẹ́ ọdún 1977, Olúwaṣọlá, ọmọ tí ìyàwó àkọ́kọ́ bí fún un kí obìnrin náà tó kú, wọlé kí bàbá rẹ̀, ó bá a tó ti tutù. Tíṣà ni Olúwaṣọlá ní Ìbàdàn, alẹ́ àná ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó figbe ta. Ká tó débẹ̀, wọ́n ti mú apànìyàn. Lọ́dọ̀ wa níbí, òkú kì í tutù tán kí wọ́n tó rí ẹni tí wọ́n máa dè mọ́ òpó.

Ràsáàkì ni wọ́n dè, mọ́ òpó àtíbàbà tó ti ń hun aṣọ òfì. Àbúrò Ìyá Àpọ́nlé ni, ó sì máa ń fúnra rẹ̀ rẹ òwú láró. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti gba aró títí dé ìgbọ̀nwọ́.

"Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀!" ni Olúwaṣọlá ń pariwo. "Ẹ wo ahọ́n bàbá mi! Kí lẹ tún ń wá?"

"Kí ló wà láàárín òun àti bàbá?" ọ̀gá mi bèèrè.

Ó sọ ọ́ fún wa. Àlùfáà ni bàbá tó bí Ràsáàkì àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí Bàbá Akínyẹlé fẹ́ Sàrátù, tí wọ́n sì fẹ́ ṣe ìrìbọmi fún un, ó ní kó lọ mú wàláà bàbá rẹ̀ wá, pátákó tí àlùfáà náà fi ń kọ kéwú, ohun kan ṣoṣo tó fi sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin kó tó kú. Iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ni ó ti dáná sun ún, lójú gbogbo ìjọ. Ràsáàkì ṣì kéré nígbà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń gbé Àpọ́nlé, ọmọ wọn, níyàwó, ó dìde láàárín èrò, ó ní, "Bàbá, ohun tí ẹ dáná sun, ẹnu yín náà ni yóò padà sí."

"Etí mi yìí ló gbọ́ ọ," ni Olúwaṣọlá wí. "Ó sì ti padà síbẹ̀!"

Ọ̀gá mi kọjú sí ẹni tí wọ́n dè. "Ràsáàkì, ṣé ìwọ lo fún bàbá ní nǹkan mu?"

Ọkùnrin náà wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyá Àpọ́nlé jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó fi etí ìborùn bo ẹnu. Láti ìgbà tí a ti dé, kò ké, kò sọ̀rọ̀, kò dá ẹni tó kí i lóhùn. Àwọn obìnrin ní ìbànújẹ́ ló gba ohùn lẹ́nu rẹ̀.

"Èmi ni," ni Ràsáàkì wí.

Alhamdulillahi! Inú mi dùn, mo ti ń ro ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà. Àfi ìgbà tí mo rí ọ̀gá mi tó ń fa etí ara rẹ̀, bó ti máa ń ṣe bí nǹkan kò bá bá a lára mu.

"Jímọ̀, lọ gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀."

Ẹ ò rí nǹkan! Mo lọ. Òórùn ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi dákú; ẹni tó bá ti kọjá nítòsí ìkòkò aró mọ irú òórùn tí mò ń wí. Nígbà tí mo padà dé, ó yọ ẹ̀kúnwọ́ òwú kan tó ti gba àwọ̀ aró síta. Ó ní ẹ̀yìn ilé ìdáná ni òun ti rí i.

"Gbóòórùn èyí náà."

Mo gbé e símú. Kò rùn rárá. Bó bá tiẹ̀ ní òórùn kankan, òórùn kíláàsì ni, ti orí tábìlì tíṣà.

"Íńkì!" ni mo wí.

"Ó yẹ kí wọ́n fi ìràwọ̀ kún ejìká rẹ," ni ó wí. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń yìn mí ni.

Ṣùgbọ́n kí ni íńkì máa ṣe fún ẹni tó ti jẹ́wọ́? Ọ̀gá àgbà wa ní àgọ́ kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ òórùn. Ó ní ìjẹ́wọ́ ni ìjẹ́wọ́, kí wọ́n ti Ràsáàkì mọ́lé, bó bá di ọjọ́ Ajé kí wọ́n gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù pẹ̀lú ẹ̀sùn ìpànìyàn. Gbogbo wa la sì mọ ohun tó wà níparí ẹ̀sùn yẹn. Okùn ni.

A padà sí ilé òkú, ẹ̀yìn ilé ìdáná kan náà ni a sì ti rí ìwé.

Orí ẹní tó mọ́ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, ó ṣí sílẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ wà létí rẹ̀ kí atẹ́gùn má baà ṣí i káàkiri. Ìwé ńlá ni, ẹ̀yìn rẹ̀ le. Olúwaṣọlá sáré gbé e, ó ní ìwé bàbá òun ni. Ó ṣí ewé kan, ó ṣí òmíràn, ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ẹkún àkọ́kọ́ tó sun láti àárọ̀ nìyẹn. Gbogbo ojú ewé ló funfun, wọ́n sì ti rún bí aṣọ tí wọ́n fún lómi. Ẹ̀yìn pátápátá nìkan, níbi tí wọ́n ti fi bírò kọ nǹkan, ni ọ̀rọ̀ díẹ̀ kù sí. Ẹni tó nù ún ti gbìyànjú níbẹ̀, kò lọ, ó sì fi í sílẹ̀.

"Kí ni bàbá kọ síbẹ̀?" ọ̀gá mi bèèrè.

"Ara rẹ̀ ló kọ." Ó nu imú. "Ẹ mọ̀ pé ó máa ń kọ́ àwọn èèyàn lẹ́kọ̀ọ́ nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú nínú àgbàlá yìí, nípa àwọn onígbàgbọ́ ìjímìjí àti bí wọ́n ṣe ń kàwé. Ó ní ẹnu ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń kà á, sókè ketekete. Bí ẹnìkan bá panu mọ́ tó ń fi ojú nìkan kàwé, wọ́n á máa wò ó tìyanu-tìyanu. Ó ní àwọn tó lọ gbé nínú aṣálẹ̀ á gba ọ̀rọ̀ kan sẹ́nu, wọ́n á máa jẹ ẹ́ lápọ̀jẹ bí ewúrẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá aṣálẹ̀ náà wá sọ fún àwọn yòókù pé kí kálukú máa kọ ìṣe ọkàn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kà á fún ẹlòmíràn, kí ìtìjú lè máa ṣọ́ ọ. Èyí ni ó wọ bàbá mi lára. Ó ra ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Á gbé e sókè ní kíláàsì, á ní, 'Ẹ má wá mi níbòmíràn mọ́. Inú ìwé yìí ni èmi gan-an wà.'"

"Ṣé o kà á rí?"

"Mi ò bèèrè." Ó wo ilẹ̀. "Ìgbà wo ni mo tiẹ̀ ń wá? Láti ìgbà tí ẹ̀gbà ti kọlù ú, àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú. Ó wo ojú mi, omi ń dà lójú rẹ̀, kò lè pè mí lórúkọ. Mo ní ó ti rẹ̀ mí, mo lọ sùn. Ẹ gbọ́, mo lọ sùn!"

Mo wá mọ ìdí tó fi ń pariwo mọ́ Ràsáàkì tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rí ọkàn bá ń jẹ a máa wá ẹlòmíràn tí yóò gbé ẹrù náà rù.

"Ọ̀gá," ni mo wí nígbà tó ku àwa méjì, "ọ̀tá ló ṣe èyí."

"Bí o bá kórìíra ìwé kan, Jímọ̀, kí lo máa ṣe sí i?"

"Màá dáná sun ún."

"Bí kò bá sí ìṣáná ńkọ́?"

"Màá fà á ya. Màá jù ú sí ṣáláńgá."

"Ṣé wàá fi òwú tútù nù ún lójú ewé kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí ewé kan ò ní ya? Ṣé wàá wá sá a sórí ẹní kó lè gbẹ?"

Mo họ orí.

"Ẹni tó fọ ìwé yìí kò bá ìwé jà. Omi ẹ̀ ló ń wá." Ó wo gbogbo ilẹ̀ àgbàlá. "Ó dáa, wá omi náà fún mi. Fi ibi tí wọ́n dà á sí hàn mí."

Mo wá a. Mo wá ìdí ààrò, mo wá ìdí ìbẹ́pẹ, mo wá ẹ̀yìn balùwẹ̀, mo tẹ ìgbẹ́ adìẹ mọ́lẹ̀. Kò síbi tí íńkì ta sí nílẹ̀. Igbá kékeré kan ni mo rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi, àmì íńkì yí inú rẹ̀ po, àmọ́ ìdí rẹ̀ mọ́ féfé bí ẹni pé ẹnìkan lá a.

"Aláìsàn tí ṣíbí ni wọ́n fi ń fún ní omi kò lè mu igbá kan tán," ni ọ̀gá mi wí. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí fa etí.

Obìnrin kan tó ń ta epo lójúde sọ fún wa pé Bàbá Ìjọ Olúsọjí wá kí aláìsàn nírọ̀lẹ́ àná. Èyí mú etí mi dìde. Gbogbo ìlú ló gbọ́ ohun tí Bàbá Akínyẹlé sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì kí ẹ̀gbà tó kọlù ú. Ó ní bó bá di ọdún Àjíǹde, òun yóò ka ìwé òun fún ìjọ, ẹ̀ṣẹ̀ òun àti ti àwọn tí àwọn jọ dẹ́ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbà ló padà sílé lọ́jọ́ náà tí oúnjẹ kò wọlé.

A bá Bàbá Ìjọ ní ṣọ́ọ̀bù páànù rẹ̀. Ọyẹ́ ń fẹ́, ètè gbogbo ayé ń là, bàbá yìí ń làágùn.

"Mo kàn lọ kí ọ̀rẹ́ mi ni," ni ó wí.

"Ẹ kú ìṣe, Bàbá. Ṣé ẹ kí ìwé náà?"

Ó jókòó lórí páànù, páànù ké. "Ta ló sọ fún yín?"

"Ẹ̀yin ni ẹ ń sọ ọ́ lọ́wọ́ yìí, sà."

Ó gbé fìlà kúrò lórí. "Orúkọ mi wà ní ojú ewé kìíní. Mo lọ síbẹ̀ láti fà á ya. Ẹ wò mí, èmi Bàbá Ìjọ! Kò sí ẹnìkan lágbàlá, mo bá ìwé náà lórí ẹní lẹ́yìn ilé ìdáná. Mo ṣí i. Ó ti funfun. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Ó fi fìlà nu ojú. "Iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi bà jẹ́, mo sì dúpẹ́."

"Kí ló kọ nípa yín?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi, ẹ má bi mí."

Ọ̀gá mi kò bi í. "Oòrùn ti wọ̀ nígbà tí ẹ débẹ̀?"

"Kò tíì wọ̀."

"Ràsáàkì wà nílé?"

"Ràsáàkì kẹ̀? Ó gbé aṣọ lọ fún oníbàárà ní Òkèhò láti àárọ̀. Ẹ bi àwọn ará mọ́ṣáláṣí. Wọ́n ti kírun mọ̀gáríbì tán kí lọ́rì tó já a sílẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni ẹjọ́ mi tó ti dúró dáadáa ṣe wó lulẹ̀. Ràsáàkì kò sí nílùú nígbà tí wọ́n fọ ìwé. Kí ló wá dé tó fi ń fi ọrùn ara rẹ̀ sínú okùn?

Ní àgọ́, ó jókòó sílẹ̀ nínú àhámọ́, ó gbé ọwọ́ aró rẹ̀ lé orúnkún. Ọ̀gá mi fa àpótí kan, ó jókòó sí iwájú irin.

"Kí lo fi fún bàbá mu?"

"Ife."

"Ife wo?"

"Ife tánganran."

"O dà á sí i lẹ́nu?"

"Mo fi tipátipá dà á sí i lẹ́nu."

"Ẹnu tó wọ́, tí omi lásán kì í dúró níbẹ̀? O fi tipátipá da omi íńkì sí i, kò sì kán sí irùngbọ̀n rẹ̀?"

Ràsáàkì ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ẹnìkan ló gbé orí rẹ̀ lé itan, tó ń rọra fún un, tó sì ń fi ìka nù ún létí ẹnu. Bàbá náà sì lanu fún un. Ta lò ń bò?"

"Ẹ gbé mi lọ sí kọ́ọ̀tù, màmá," ni ó wí. Omi ti lé sí i lójú. "Wọ́n gba wàláà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gé Sàrátù kù sí Sárà. Ó pàdánù ọkọ láàárọ̀ yìí. Kí lẹ tún fẹ́ gbà níbẹ̀?" Ó wá rí i pé òun ti sọ̀rọ̀ jù, ó fi ọwọ́ bojú.

Ọ̀gá mi dìde. Nígbà tí a dé ìdí mọ́tò, ó yíjú sí mi. "Jímọ̀, o lọ iléékéwú."

"Ẹgba ibẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn mi, ọ̀gá."

"Bí wọ́n bá kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sára wàláà nítorí aláìsàn, kí ni wọ́n máa ń ṣe sí i?"

"Wọ́n á fi omi fọ̀ ọ́, wọ́n á sì fún un ní—" Ẹnu mi dúró síbẹ̀. Hántú! Hántú tí wọ́n fi tọ́ mi dàgbà, tí ìyá mi fi ń lé ibà lára mi! Ó wà lágbárí mi láti àárọ̀, mi ò rí i. "Wọ́n á fún un ní omi rẹ̀ mu, ọ̀gá."

"Èyí tó bá ṣẹ́kù ńkọ́?"

"Ẹnìkan gbọ́dọ̀ mu ún. Èèwọ̀ ni, a kì í da ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sílẹ̀."

"Ẹnìkan," ni ó wí. "Wa mọ́tò."

Ọ̀nà ilé ìwòsàn ni a kọ́kọ́ gbà. Wọ́n ti gbé òkú náà wá síbẹ̀, dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì ti gbé e padà sílé. Ó ní ẹ̀gbà kejì ló gbé bàbá lọ, ẹ̀jẹ̀ ló bú sí i lágbárí. Ṣùgbọ́n kò tíì lè búra lórí ohun tó pa ahọ́n rẹ̀ dà. Bóyá òun ló ru ẹ̀gbà náà sókè, kò mọ̀. Ìbàdàn ni wọ́n á ti yẹ ìyẹn wò, ó sì máa pẹ́. Ràsáàkì kò ní àyè pípẹ́ mọ́.

Wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀ nígbà tí a padà dé ilé òkú. Bàbá Ìjọ ti débẹ̀, ó dúró sí igun kan bí ẹni tí wọ́n lé jáde nílé. Ìyá Àpọ́nlé ṣì wà níbi tó wà, ìborùn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀gá mi rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ìyá, ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ahọ́n yín kí n rí i."

Àwọn obìnrin hó. Olúwaṣọlá ní ìwọ̀sí wo nìyẹn? Ọ̀gá mi kò gbójú kúrò lára ìyá. Ìyá náà sọ ìborùn kalẹ̀, ó lanu.

Ahọ́n rẹ̀ rí bíi ti ọkọ rẹ̀ gẹ́lẹ́.

"Ìyá, ẹ̀yin?" Olúwaṣọlá fò dìde. "Ẹ̀yin lẹ pa bàbá mi?"

"Jókòó!" Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ tí ọ̀gá mi gbóhùn sókè. "Ta ló ń po májèlé tó ń bá ẹni tó fún jọ mu ún? Omi kan náà ló wà nínú àwọn méjèèjì. Ọ̀kan kú, ìkejì jókòó síwájú rẹ. Ẹ̀gbà tí dókítà wí ló pa bàbá rẹ, kì í ṣe omi yìí."

Ìyá Àpọ́nlé wá sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kéré, gbogbo wa súnmọ́ ọn.

"Mi ò mọ̀wé. Ẹnu ọ̀nà ìdáná ni mo ti máa ń gbọ́ ẹ̀kọ́ Ọjọ́rú. Ó ní àwọn ará ìjímìjí ń jẹ ọ̀rọ̀ bí oúnjẹ. Ó ní inú ìwé yẹn ni òun gan-an wà. Nígbà tí ẹ̀gbà dé, mo wò ó, mo ní ọkọ mi kò sí nínú ara yìí mọ́. Ó ń wá ọ̀rọ̀, ó ń sunkún. Mo ní bó bá jẹ́ inú ìwé ló wà, kí n dá a padà sínú ara rẹ̀. Bí bàbá mi ṣe ń ṣe fún aláìsàn nìyẹn, wọ́n sì ń dìde. Mo mú òwú Ràsáàkì, mo fọ̀ ọ́. Nígbà tí Olúwaṣọlá ti lọ sùn, mo tọ́ ọ wò, mo fún un. Ó mu ún, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Mo ní ó ti ń bọ̀. Mo mu ìyókù, mo sùn tì í." Ó nu ojú. "Mo jí, ó ti tutù. Ràsáàkì nìkan ló mọ̀, ó bá mi níbi tí mo ti ń bo igbá nígbà tó ti Òkèhò dé. Wọ́n dè é lójú mi. Bí mo bá lanu, ẹ máa rí ahọ́n mi, ìjọ á ní Sárà kò kúrò nínú kéwú rí, wọn ò ní sin ọkọ mi bó ti yẹ. Mo panu mọ́. Ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo! Mo fi í bo ìtìjú mi."

Kò sẹ́ni tó lè wo ẹnìkejì rẹ̀ lójú. Ọ̀gá mi yíjú sí mi, ó ní kí n lọ tú Ràsáàkì sílẹ̀, òun yóò fẹnu ara òun sọ fún ọ̀gá àgbà. Mo ti ń lọ nígbà tí mo gbọ́ dù-ú lẹ́yìn mi. Bàbá Ìjọ Olúsọjí ló wó lulẹ̀ lórí orúnkún.

"Sàrátù," ni ó wí. Kò pè é ní Sárà. "Ṣé o mọ ohun tó wà ní ojú ewé kìíní?"

Ìyá náà mi orí.

"Ọkọ rẹ ló kà á fún mi, ẹnu ara rẹ̀ ló fi kà á. Ó ní láyé àtijọ́, àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba ń wọ ilé onígbàgbọ́, wọ́n ń kó ìwé wọn jáde, wọ́n ń dáná sun ún. Ó ní a máa ń sunkún àwọn ìwé yẹn. 'Ṣùgbọ́n èmi Akínyẹlé, nínú ilé mi, èmi ni ẹ̀ṣọ́ ọba. Mo sun ìwé bàbá ìyàwó mi. Olúsọjí ló ṣáná, ọwọ́ mi ló jù ú síná. Láti ọjọ́ náà, mi ò rí ẹnu bẹ Sàrátù.' Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún ọ níwájú ìjọ lọ́jọ́ Àjíǹde, níbi tí iná ti jó. Ó ní kí n wá dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú òun. Mo kọ̀."

Ìyá Àpọ́nlé fi ọwọ́ kan ètè ara rẹ̀.

"Ojú ewé kìíní ni mo kọ́kọ́ fọ̀," ni ó wí.

Mi ò dúró mọ́. Mo wa mọ́tò lọ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo ṣílẹ̀kùn fún Ràsáàkì, mo bẹ̀ ẹ́, ó kàn ń sáré lọ sí ìdí mọ́tò. Nígbà tí a dé, Olúwaṣọlá pàdé rẹ̀ lójúde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. Ràsáàkì fò ó kọjá, ó wọlé tọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

Ìyá Àpọ́nlé kò sí lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Ó ti wọ yàrá, ó ti ṣí aṣọ lójú òkú. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé orí náà lé itan bó ti máa ń ṣe bó bá fẹ́ fún un lóúnjẹ. Ìborùn ti kúrò lẹ́nu rẹ̀ pátápátá. Ó ń sọ̀rọ̀ sókè, gbogbo àgbàlá sì ń gbọ́ ọ.

"Mo ti gbọ́, Bàbá Àpọ́nlé. Èmi ni mo mu ìsàlẹ̀ igbá, ẹ̀bẹ̀ yín ti dé inú mi. Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ nígbà tí ẹ ṣì lẹ́nu?"